Ewé Kejìlélọ́gọ́ta Ìwé Lékeléke

Àwọn kan ní ìlú wa máa ń sọ pé èmi Lonappan ni mo fi ayé Tíṣà Devayani ṣòfò, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ mú un dé ilé Màmá Ammalu. Tí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, ẹ dá wọn lóhùn pé irọ́ ni. Lékeléke kan ti gba ayé obìnrin yẹn kí èmi tó mọ̀ ọ́n rí. Tí ẹ bá ní sùúrù fún arúgbó, màá rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, torí nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn, èmi nìkan ló kù.

Ìtẹ̀wé niṣẹ́ mi, ní ẹ̀yìn ọjà Irinjalakuda. Lẹ́tà òjé là ń tò nígbà yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìkéde àwọn olóṣèlú, ìwé ìrántí òkú, àwọn ló ń fún mi lóúnjẹ jẹ. Tíṣà Devayani kò fún mi lóúnjẹ jẹ o. Ìwé kékeré mẹ́ta ló gbé wá láàárín ọdún mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ló túmọ̀ láti èdè Sanskrit sí Malayalam tiwa: eré orí ìtàgé kan, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àwọn àgbà, àti ìwé nípa bí a ṣe ń tọ́jú erin tí ara rẹ̀ ò yá. Ti erin yẹn nìkan ló tà, àwọn tó ń da erin tẹ́ńpìlì ló rà á. Síbẹ̀ kò sí oníbàárà tó fún mi níyọnu tó o. Á jókòó tì mí, á gbé awò sójú, á ní, "Lonappan, lẹ́tà yìí ní ìrù. O ti gé ìrù rẹ̀." Màá ní, "Tíṣà, ta ló máa rí i?" Á ní, "Èmi rí i. Ẹni tó kọ ọ́ náà rí i." Bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ti kú láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ọmọ adẹ́mu ni. Orí igi àgbọn ni bàbá rẹ̀ ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Nígbà èwe rẹ̀, irú wọn kì í gba iwájú tẹ́ńpìlì kọjá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí wọ́n fẹnu kan èdè tí wọ́n fi ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan wà, Rama Pisharody, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni kó máa sín òdòdó fún tẹ́ńpìlì. Devayani máa ń gbé òdòdó wá fún un láràárọ̀. Bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Òun jókòó sórí pèpéle, ọmọ dúró nídìí kànga, òdòdó kan, ọ̀rọ̀ kan. Àwọn aládùúgbò ní, "Devayani, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé Sanskrit lo máa fi polówó ẹmu bàbá ẹ?" Ó ní, "Ẹ ṣáà máa mu ún. Tẹ́ ẹ bá ti yó, èmi ni màá máa túmọ̀ ohun tẹ́ ẹ bá ń sọ." Bẹ́ẹ̀ lẹnu rẹ̀ ṣe mú láti kékeré. Nígbà tó dàgbà, ìjọba gbà á síṣẹ́ olùkọ́ Sanskrit. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé agogo ìparí iṣẹ́ nìkan ni etí wọn ń gbọ́. Kò lọ́kọ. Wọ́n ní lékeléke lọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lékeléke náà nìyí. Kí Pisharody tó kú, ó pe Devayani sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fún un ní ìwé kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ewì Sanskrit kan ló wà nínú rẹ̀, ewì tí ará agbègbè wa kan kọ láyé àtijọ́. Ọba kan ju ọkùnrin kan sẹ́wọ̀n lókèèrè. Ọkùnrin náà rí lékeléke nínú oko ìrẹsì, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun jíṣẹ́ fún ìyàwó òun nílé. Ó ń júwe ọ̀nà fún ẹyẹ: bó o bá dé odò báyìí, yà sọ́wọ́ òsì, ẹja pọ̀ níbẹ̀ o, má ṣe pẹ́ níbẹ̀ jù. Irú ewì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìparí rẹ̀ ló máa ń dùn jù, torí ibẹ̀ ni ọkọ ti máa ń sọ àmì kan, ohun àṣírí kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó nìkan, kí obìnrin náà lè gbà pé lóòótọ́ ọkọ òun ló rán ẹyẹ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé Pisharody dúró níbi tí ẹyẹ ti dé èbúté kejì.

"Kò parí," ni bàbá náà wí. "Wá ìyókù. Má jẹ́ kí ẹyẹ yẹn dúró sójú ọ̀nà."

Ogún ọdún gbáko ni lékeléke fi dúró sí èbúté kejì. Gbogbo ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ni Tíṣà fi ń wá a kiri. Ilé ńláńlá mẹ́tàdínlógún ló wọ̀. Níbì kan wọ́n ní ikán ti jẹ ẹ́. Níbòmíràn wọ́n ní àwọn ti da gbogbo ìwé ewé ọ̀pẹ, èyí táwọn ará àtijọ́ ń kọ̀wé sí, sínú odò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ìwé tó ti gbó. Ibì kan tiẹ̀ wà tó tọrọ omi, òkè réré ni wọ́n ti da omi náà sí i látẹ́lẹwọ́, kí ẹnu ọmọ adẹ́mu má baà kan ife wọn. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ nìyí. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò ńlá, gbogbo ilé ní ìlú wa máa ń kó ìwé wọn síwájú òrìṣà obìnrin tó ni ìmọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ ọdún òrìṣà náà ni wọ́n ń kó o kalẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n ń kó o dìde. Láàárín ìgbà méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàwé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ̀wé. Kìrìsítẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mi á ti gba irin ìtòwé lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi ìpara olóòórùn kùn ún, wọ́n á tẹ́ ẹ síwájú fìtílà. Ọjọ́ méjì lọ́dún ni irin ìtòwé mi kì í sí nínú ìjọ.

Lọ́dún kan, irú àkókò bẹ́ẹ̀, mo lọ sílé Màmá Ammalu létí odò láti gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ sórí káàdì ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, ó tóbi, ó dá páropáro. Màmá nìkan ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú obìnrin tó ń bá a dáná. Ọkọ rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Rangoon lókè òkun lọ́dún kejì ìgbéyàwó wọn, ogun dé, kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo wo iwájú fìtílà, mo rí ìdì ewé ọ̀pẹ kan láàárín àwọn ìwé, tí wọ́n fi pákó méjì há mọ́ra. Wọ́n ya ẹyẹ funfun kan sórí pákó tòkè.

Lọ́jọ́ kejì tí ọdún parí, Tíṣà wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Mo kàn ń tàkúrọ̀sọ ni. Mo ní, "Tíṣà, mo mà rí ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n ya lékeléke sí lára."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Níbo?"

"Ilé Ammalu, létí odò."

"Gbé alùpùpù ẹ jáde."

"Tíṣà, mi ò tíì jẹun."

"Wàá jẹun tá a bá dé."

A débẹ̀, mi ò jẹun. Màmá Ammalu jókòó sórí pèpéle, àpótí tábà rẹ̀ tí wọ́n fi idẹ ṣe wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wò wá láti òkè délẹ̀. Ó ní ìwé náà ti padà sórí àjà. "Ìyá ọkọ mi ló fà á lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹjọ ló ń sọ̀ kalẹ̀, ọjọ́ kẹwàá ló ń gòkè, kí oòrùn tó dé àtẹ̀gùn kẹta yẹn. Yàtọ̀ síyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Màmá, ta ló ń kà á?" ni Tíṣà bi í.

"Kíkà kẹ̀? À ń bọ ọ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá kó ìwé dìde láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ṣebí kálukú gbọdọ̀ ka díẹ̀ nínú ìwé tiẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àṣà ni."

"Ta ló wá ń ka díẹ̀ nínú ìyẹn?"

Màmá ṣí àpótí tábà, ó tún pa á dé. "Láyé ìyá ọkọ mi gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà."

"A jẹ́ pé láti ìgbà yẹn, ẹ ò tíì parí ọdún náà lẹ́ẹ̀kan."

Mo ní lọ́kàn mi pé ó parí, wọ́n á lé wa. Obìnrin arúgbó náà tẹjú mọ́ ọn. "Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Kuttan adẹ́mu ni mí, ní ìsàlẹ̀ odò."

Màmá ronú títí, ó ní, "Bàbá ẹ kì í bomi lẹ́mu. Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti wà níbẹ̀. Ohun tí Tíṣà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ka iye ewé náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: méjìlélọ́gọ́ta. Bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Á ka ewé kó tó ka ọ̀rọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìwé Pisharody dúró sí gan-an ni ewé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀: lékeléke gbéra ní èbúté kejì. Omijé ń bọ́ lójú Tíṣà, kò sì nù ún, torí kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ewé.

"Ó dára," ni màmá wí. "Kí ló sọ?"

Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbà túmọ̀.

"Kò yé mi. Sọ ọ́ bí ẹni ń ra iyọ̀."

Ibi tí iṣẹ́ náà ti di ti àwọn méjèèjì nìyẹn. Gbogbo ẹsẹ ewì ni Tíṣà gbọdọ̀ kà, kó dà á kọ, kó sì túmọ̀ rẹ̀ títí á fi yé màmá. Nígbà tí oòrùn fi máa dé àtẹ̀gùn kẹta, ewé márùn-ún péré ni wọ́n kà. Màmá ní, "Ó tó. Gbé e lọ sókè."

Mo ní, "Màmá, ẹ ṣàánú, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ sílé fún ọjọ́ méjì péré."

"Kìrìsítẹ́nì, ṣé mo máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ìjọ yín?"

Lójú ọ̀nà, mo ṣírò ó. Mo pariwo kí Tíṣà lè gbọ́ lẹ́yìn mi: "Ewé márùn-ún lọ́dún, ọdún mẹ́tàlá nìyẹn, Tíṣà!"

"Mo ti wá a fógún ọdún," ni ó wí. "Kí ni mẹ́tàlá?"

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló máa ń rí ìfun inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi tí mo ń gbé e lọ ni ìdí ń dùn. Ọdọọdún ni mò ń jókòó lórí pèpéle yẹn, tí mò ń jẹ ìrẹsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣúgà pupa pò, tí mo sì ń gbọ́ ìjà wọn. Lọ́jọ́ kan, ibi tí ọkọ ti ń ro bí ìyàwó ṣe máa rí ni wọ́n dé. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ojú rẹ̀ tó dà bí òdòdó orí omi yóò ti rọ."

Màmá ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ṣé ọkùnrin tó ti bá obìnrin gbélé rí nìyẹn, àbí ẹni tó ń tajà?"

"Kí ni kó sọ, Màmá?"

"Kó sọ pé, 'Kò ní tíì máa jẹun dáadáa.'"

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a jáde, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó máa ń mú kí n wá ìrù lẹ́tà kan fún ọ̀sẹ̀ méjì! Mo ní, "Ẹ̀yin Tíṣà, ìyẹn ò mà sí nínú Sanskrit." Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò rí i."

Ọdún ń gorí ọdún. Tíṣà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú òsì rẹ̀, ti ọ̀tún ò ríran mọ́. Eyín màmá tán, kò lè jẹ tábà mọ́, àmọ́ àpótí rẹ̀ kò kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Bombay ń kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ ta ilé. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Lọ́dún kẹjọ, mo sọ fún Tíṣà pé kó jẹ́ kí n gbé ìdì yẹn sábẹ́ ẹ̀wù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, kí n dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù mi, ó fẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ ọdún Kérésì. Nígbà Kérésì, ó mú kéèkì wá fún ìyàwó mi. Kò fún èmi.

Lọ́dún kẹtàlá, ewé méjì ló kù. Ara mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Tíṣà ka ewé kọkànlélọ́gọ́ta. Lékeléke dé ilé. Obìnrin náà jókòó sórí pèpéle, ó gbọ́ ìyẹ́ ẹyẹ, ó gbójú sókè. Ẹyẹ ní, bí o bá ń ṣiyèméjì pé ọkọ rẹ ló rán mi, gbọ́ àmì yìí. Tíṣà ṣí ewé náà síwájú. Pákó ìsàlẹ̀ ló kàn.

Tíṣà fi ìka ka àwọn ewé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ojú sókè, ó wo Màmá Ammalu. Màmá ń wo odò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àpótí tábà.

"Ó parí?" ni màmá bèèrè.

"Kò parí, Màmá. Ewé kan kù tí mi ò rí."

"Kòkòrò ló jẹ ẹ́."

"Bóyá."

"Àbí ó bọ́ síbì kan nínú ilé yìí. Ilé yìí tóbi." Màmá ṣì ń wo odò. "Wíwá ìyẹn ò lọ́jọ́ o. O lè máa bọ̀ nígbàkúùgbà láti wá a."

Tíṣà ní, "Màá máa bọ̀ ní gbogbo Sátidé."

Ó sì ń lọ lóòótọ́. Ó lé lọ́dún méjì, gbogbo Sátidé, bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀. Wọ́n tú orí àjà. Wọ́n tú àpótí aṣọ ìyá ọkọ. Wọ́n da àká ìrẹsì, wọ́n tún kó ìrẹsì padà. Màmá á máa pàṣẹ lórí àga, àpótí tábà lórí ẹsẹ̀: "Wo abẹ́ ẹní yẹn. Rárá, jẹ́ ká mu tíì ná." Wọ́n á mu tíì, wọ́n á sọ̀rọ̀ Rangoon, wọ́n á sọ̀rọ̀ Pisharody, ilẹ̀ á ṣú. Mo ti lọ gbé e níbẹ̀ tí mo bá àwọn méjèèjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí tí wọn ò lè sọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Èmi ń to ìwé náà ní tèmi. Mo ti tò ó débi ọ̀rọ̀ ìṣáájú, mo wá rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ewé méjìlélọ́gọ́ta. Orí mi gbóná. Mo gbé bébà náà lọ bá a nílé.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ka ewé yìí lọ́dún àkọ́kọ́. Méjìlélọ́gọ́ta ni. Kòkòrò ò jẹ nǹkan kan. Ẹnì kan ló yọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Màá lọ bi arúgbó yẹn léèrè báyìí."

Ó jáde sójú ọ̀nà, ó dúró síwájú alùpùpù mi. "Lonappan, bó o bá bi í, mi ò ní wọ ilé ìtẹ̀wé ẹ mọ́ láyé."

"Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti ń wá ewé yìí! Ojú kan ló kù fún yín! Tó bá kú ńkọ́? Tí ewé yẹn bá bá a lọ?"

"Bó bá bá a lọ, ó bá a lọ nìyẹn."

"Iṣẹ́ tí Pisharody rán yín ńkọ́?"

Ìyẹn dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀, ó sì dùn mí pé mo sọ ọ́. Ó di irin alùpùpù náà mú, ó ní, "Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹyẹ dúró sójú ọ̀nà. Ẹyẹ ti délé, Lonappan. Kò kàn tíì sọ̀rọ̀ ni. Ta ni màmá ní tó ń bá a sọ̀rọ̀?"

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Mo fẹ́ràn Tíṣà bí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fẹ́ kó rí òpin ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá. Mo rò pé ìwà òmùgọ̀ ni. Mo tú òjé ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà ká, mo dà á sínú àpótí lẹ́tà.

Inú òjò oṣù kẹfà ni Màmá Ammalu kú, ní ojú oorun. Àwọn ará Bombay wá, wọ́n sun òkú rẹ̀ sí gúúsù ilé bó ṣe yẹ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Tíṣà kò lọ sóde fún oṣù kan. Nígbà tí mo bi í nípa ewé náà, ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Oṣù kẹwàá dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹjọ ọdún ìwé, mo wà lọ́dọ̀ Tíṣà, obìnrin kan wọlé. Ó ní Shyamala lorúkọ òun, ìyàwó ọmọ àbúrò màmá ni òun, èyí tí mo tẹ káàdì ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ sí. Ó gbé ìdì ewé pẹ̀lú pákó ẹlẹ́yẹ funfun kalẹ̀. "Màmá ní kí n kó o fún yín. Èyí náà wà níbẹ̀, a rí i nínú àpótí tábà wọn, abẹ́ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀." Ó na ewé ọ̀pẹ kan sí i, tí wọ́n rọra ká bíríkítí. Òórùn tábà ń jáde lára rẹ̀.

Tíṣà gbà á. Mo rí nọ́ńbà tó wà létí rẹ̀: méjìlélọ́gọ́ta.

"Tíṣà, ẹ kà á."

Ó fi í sáàárín àwọn tó kù, ó pa pákó dé, ó gbé ìdì náà lọ síwájú fìtílà, níbi tó ti to àwọn ìwé rẹ̀ sí.

"Oòrùn ò tíì wọ̀ o! Wọn ò tíì ní ká má kàwé! Wákàtí mẹ́ta ṣì wà!"

"Ọjọ́ tá a máa ń kà á kọ́ nìyí," ni ó wí. "Ọjọ́ kẹwàá, wá gbé mi. Ká tètè débẹ̀."

Ọjọ́ méjì yẹn, ìyàwó mi ní n kò jẹ́ kóun gbádùn nílé. Àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó jí. Ilé Màmá Ammalu wà ní títì, koríko ti hù lórí àtẹ̀gùn. A jókòó sórí pèpéle. Àga màmá ṣì wà níbẹ̀, wọn ò gbé e wọlé. Tíṣà yí ojú sí àga náà, ó ka ewé kejìlélọ́gọ́ta ní Sanskrit, ó dúró, ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń ra iyọ̀:

"Àmì náà nìyí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, o fi bàtà mi ẹsẹ̀ kan pamọ́ sínú àká ìrẹsì. Mo rí imú rẹ̀ tó yọ jáde. Mo wá a káàkiri ilé títí oòrùn fi wọ̀, torí pé èmi náà ò fẹ́ lọ."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá àga náà ò gbọ́ dáadáa. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti máa ń bá àwọn méjèèjì nínú rẹ̀ ní Sátidé, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, mo sì bá a sun ún. Ojú kì í tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tí oòrùn dé àtẹ̀gùn kẹta, ó di ìwé náà.

Ìwé lékeléke jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga rà á, àwọn kan kọ̀wé pé èdè rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù fún ewì Sanskrit. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí àwọn adàwékọ àtijọ́ ti máa ń kọ orúkọ ẹni tó tọ́jú ìwé, Tíṣà ní kí n tẹ̀ ẹ́ pé: Ammalu ló tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó, mi ò sì gé ìrù lẹ́tà kankan.

Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tó ń gun ẹ̀yìn alùpùpù mi, kò sí nínú ìwé. Mo ti bi í pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ti mọ ibi tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?"

Ó tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. "Gbogbo ilé yẹn la tú," ni ó wí. "Àká ìrẹsì nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mi ò sọ fún Màmá pé kó ṣí àpótí tábà lọ́jọ́ kan."